Ogun Ìmàgbọ̀n: Owó oníbodè ló gbé ìbọn òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1892

*Ọgbọ́n tí wọ́n fi mú Awùjalẹ̀, Afganísítánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀ láti Pen Cinema l'Ágége lọ síbi iṣẹ́ yín n'Ìkẹjà, ẹ mọ̀ pé dánfó ò lè dé Ọba Àkrán kó má sanwó fáwọn kan lójú ọ̀nà. Ibi tó bá ti dúró gbé èrò, ẹnì kan á nawọ́ wọlé lójú fèrèsé. Dẹ́rẹ́bà á kọ́kọ́ bú u, á wá sanwó, owó ọ̀hún á sì padà wá sórí ẹ̀yin èrò. Ẹni tó ń gbà á á ní òun lòun ni ibẹ̀, ẹni tó ń san án á ní ìrẹ́jẹ ni.

Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ta ló ni ọ̀nà, ta ló sì yẹ kó gbowó ẹ̀, ló dá ogun sílẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn Ìjẹ̀bú lóṣù karùn-ún ọdún 1892. Látìgbà táwọn sójà ti gbéra l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ títí dìgbà tí wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ márùn-ún péré ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọjọ́ márùn-ún yẹn bà jẹ́, àtohun tó tún ṣe, a ṣì wà nínú ẹ̀ dòní.

Ẹ wò ó, kò síléeṣẹ́ kan n'Ìkẹjà táwọn Ìjẹ̀bú wà tí wọn kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n á ní owó nìkan l'Ìjẹ̀bú mọ̀, wọ́n á ní Ìjẹ̀bú ò fẹ́ àlejò. Wọ́n tiẹ̀ máa ń sọ pé láyé àtijọ́, àjòjì tó bá fẹsẹ̀ tẹ Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀, wọ́n á ti fi í rúbọ kílẹ̀ tó ṣú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín ni ò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà lára ohun táwọn òyìnbó fi ba Ìjẹ̀bú jẹ́ lójú ayé kí wọ́n tó yìnbọn lù wọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi dáa ká tú ọ̀rọ̀ náà wò látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà

Láyé ìgbà yẹn, kò sí rélùwéè, kò sí títì ọlọ́dà. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù láti Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì wá s'Ékòó, ojú ọ̀nà tó wà ò pọ̀. Ọ̀kan gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá, òmíì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú já sí ọ̀sà. Ọjà ńláńlá bíi Èjìnrìn, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wà létí ọ̀sà, ibẹ̀ làwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń kó ẹrù lọ s'Ékòó. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ló ń sọ̀kalẹ̀ látòkè. Iyọ̀, aṣọ, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù ló ń gòkè látòkun.

Àwọn Ìjẹ̀bú ò jẹ́ kí ará òkè kọjá lọ bá òyìnbó ra ọjà fúnra ẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ará Èkó kọjá lọ bá ará òkè. Ibi ààlà ni wọ́n ti ń pàdé wọn. Wọ́n á ra tọ̀hún, wọ́n á tà á fún tìhín, àwọn oníbodè á sì gbowó tiwọn lórí ẹrù tó bá kọjá. Èrè ńlá ni, wọn ò sì fi bò. Ká sọ òótọ́, ta ni nínú wa tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọjà tó ń dá a lówó tí yóò sọ pé káwọn èèyàn máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni. Àwọn Ìjẹ̀bú ti rí ohun tójú Èkó rí. Lọ́dún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fọ́ Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀, ní 1861, wọ́n gba ìlú náà lọ́wọ́ Dòsùnmú pátápátá. Àdéhùn ọ̀rẹ́ àti ọ̀rọ̀ òwò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni í sá. Báwọn Ìjẹ̀bú ṣe wá sọ pé òyìnbó ò ní gbé ìlú àwọn, tí wọn ò sì gba oníwàásù láyè, ẹ ò lè ní wọn ò gbọ́n.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá burú ni pé ogun Kírìjí ti bẹ́ sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún látọdún 1877, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Ìbàdàn nílò ìbọn, ó nílò iyọ̀, ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá ló sì gbọ́dọ̀ gbà. Báwọn yẹn bá bínú, wọ́n á tì í pa. Bí wọ́n bá ṣí i, owó á ga. Àwọn oníṣòwò Èkó náà ń pariwo pé ọjà ò rìn, wọ́n ń kọ̀wé sí gómìnà pé kó wá nǹkan ṣe. Bí ìbínú ṣe ń kóra jọ sọ́rùn Ìjẹ̀bú nìyẹn, látòkè àti látìsàlẹ̀.

Ẹ̀bùn tí Awùjalẹ̀ ò gbà

Lóṣù karùn-ún ọdún 1891, Denton tó ń delé fún gómìnà Èkó gbéra lọ s'Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àwọn sójà Háúsá. Ó kó ẹ̀bùn dání fún Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, ó ní ìjọba òun fẹ́ kí wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn Ìjẹ̀bú wo sójà, wọ́n wo ẹ̀bùn, wọ́n ní àwọn ò gbà. Àwa Yorùbá mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó bá ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ, tó bá bẹ̀ ẹ́ lọ́la, ojú á máa tì ẹ́ láti kọ̀. Ọba tó gba ẹ̀bùn ọ̀hún ti gba iṣẹ́ tó bá a wá.

Denton padà s'Ékòó, ó ní wọ́n fàbùkù kan òun. Ọ̀rọ̀ àbùkù yìí ni wọ́n gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Gilbert Carter wá gorí àlééfà gẹ́gẹ́ bíi gómìnà lọ́dún 1891 kan náà, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dojú kọ ni pé kí Awùjalẹ̀ tọrọ àforíjì.

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1892, àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ wá s'Ékòó. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì fẹnu kò pé ọ̀nà yóò ṣí, kò ní sí owó oníbodè mọ́. Ìjọba ní òun á máa san pọ́n-ùn 500 lọ́dọọdún fún Awùjalẹ̀ láti fi dípò owó tó ń pàdánù. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan kí wọ́n buwọ́ lùwé, àwọn ìránṣẹ́ kọ̀ láti fọwọ́ kan kálàmù. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú méjì tó ń gbé Èkó ni wọ́n bá wọn buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìwé tí ẹni tó lọ̀rọ̀ ò buwọ́ lù, ṣé ìwé nìyẹn?

Kò pẹ́ sígbà náà, òyìnbó oníwàásù kan fẹ́ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, wọ́n sì dá a padà. Carter ò tún wẹ̀yìn. Ó ní wọ́n ti da àdéhùn, ó tọrọ àṣẹ ogun lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fún un.

Afganísítánì ti rí irú ẹ̀ ṣáájú

Ẹni tó bá mọ ìtàn ogun Gẹ̀ẹ́sì láwọn ibòmíì ò ní í yà lẹ́nu. Ọdún mẹ́tàlá àtààbọ̀ ṣáájú Ìmàgbọ̀n, lóṣù kẹsàn-án ọdún 1878, àwọn òyìnbó yìí kan náà rán ikọ̀ sí Sher Ali, ọba Afganísítánì, ìlú olókè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Íńdíà. Wọ́n dá ikọ̀ náà padà lẹ́nu ibodè. Àwọn òyìnbó ní àbùkù ni, wọ́n sì kógun wọ̀lú náà kí ọdún ọ̀hún tó parí.

Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ gan-an ni pé Sher Ali ti gba àwọn ará Rọ́ṣíà lálejò, ẹ̀rù sì ń ba òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì pé Rọ́ṣíà á ti ibẹ̀ wọ Íńdíà. Níbí ńkọ́? Faransé ni wọ́n ń bẹ̀rù. Lọ́dún 1888, Faransé kan ti lọ bá àwọn Ẹ̀gbá ṣàdéhùn l'Ábẹ́òkúta. Lọ́dún 1892 tí wọ́n lọ jà n'Ìjẹ̀bú yìí, Faransé ń bá Béhanzin ọba Dàhọ̀mì jà lápá ìwọ̀-oòrùn wa. Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé bóun ò bá tètè fẹsẹ̀ sójú ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá, ẹlòmíì á fẹsẹ̀ sí i.

Owó ìtánràn tiẹ̀ jọra. Nínú àdéhùn Gandamak lọ́dún 1879, wọ́n ní káwọn ará Afganísítánì má bá ìlú òkèèrè kankan ṣe àfi nípasẹ̀ àwọn, àwọn á sì máa fún ọba wọn lówó lọ́dọọdún. Kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n pa Cavagnari, òyìnbó tí wọ́n fi síbẹ̀, ní Kábúlù. Ogun tún bẹ̀rẹ̀. Lóṣù keje ọdún 1880, àwọn ará Afganísítánì na òyìnbó ní Maiwand, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì padà borí wọn ní Kandahar lóṣù kẹsàn-án. Bàbá ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ rí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1842. Nígbà yẹn, bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún èèyàn, sójà àtàwọn tó tẹ̀ lé wọn, ló kúrò ní Kábúlù nínú yìnyín. Òyìnbó kan ṣoṣo, Dókítà Brydon, ló fúnra ẹ̀ gun ẹṣin dé Jalalabad. Yàtọ̀ sáwọn tí wọ́n mú lẹ́rú ogun àtàwọn díẹ̀ tó padà yọ́ dé lẹ́yìn ẹ̀, ojú ọ̀nà làwọn yòókù kú sí. Nígbà tó dọdún 1919, lẹ́yìn ogun kẹta, Gẹ̀ẹ́sì gbà pé kí wọ́n máa darí ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn fúnra wọn.

Kí ló dé tí tiwa ò fi rí bẹ́ẹ̀? Òkè gíga àti ọ̀nà tóóró gba Afganísítánì sílẹ̀. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ìrìn ọjọ́ díẹ̀ ni, ọkọ̀ ojú omi sì lè gbé sójà dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará Afganísítánì náà ń bára wọn jà o, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tójú wọn bá pọ́n, ọ̀pọ̀ wọn máa ń para pọ̀ lé àjòjì. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn aládùúgbò Ìjẹ̀bú ló bá àjòjì rìn.

Ọjọ́ márùn-ún

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott ni wọ́n fi ṣe olórí ogun. Sójà tó kó jọ ò ju bí 450 lọ, yàtọ̀ sáwọn aláàárù tó ń ru ẹrù wọn. Àwọn Ìjẹ̀bú tó dúró dè wọ́n, àwọn tó kọ̀tàn fojú bù ú sí ẹgbẹ̀rún méje sí mẹ́wàá. Lójú ẹni tó ń ka orí, ó yẹ kíjà náà ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn Ìjẹ̀bú kì í sì ṣe ọlọ́fà o. Wọ́n ní ìbọn Snider tí wọ́n ń ki láti ìdí, ìbọn táwọn òyìnbó fúnra wọn ti lò rí. Ṣùgbọ́n Scott kó àgbá dání, ó kó rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì kó Maxim, ìbọn tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ kan yìn, tó ń rọ ọta bí òjò. Irú ìbọn yìí ò tíì sí nígbà tí wọ́n jà ní Maiwand. Ìbọn tuntun ni, ara wa sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní Áfíríkà.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún ni wọ́n gbéra l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Wọ́n ń bá wọn jà láti abúlé dé abúlé, inú igbó làwọn Ìjẹ̀bú ti ń yìnbọn, àwọn òyìnbó sì ń fi àgbá tú igbó náà. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n dé odò Yemòjí, nítòsí Ìmàgbọ̀n. Ibẹ̀ làwọn Ìjẹ̀bú ti pinnu pé wọn ò ní kọjá.

Wọ́n ní àwọn sójà Háúsá kọ́kọ́ dúró sétí odò, wọn ò fẹ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n ti gbọ́ pé òrìṣà tó lómi ń bẹ níbẹ̀ àti pé àwọn Ìjẹ̀bú ti rúbọ sí i. Àwọn sójà tó wá látilẹ̀ òkèèrè, tí wọn ò mọ òrìṣà náà, ló kọ́kọ́ kó sómi. Ìbọn Maxim àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ń kù láti ẹ̀yìn wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa gòkè sódì kejì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ Ìjẹ̀bú ti sùn sílẹ̀. Àwọn tí òyìnbó pàdánù ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì, ogúnjọ́ oṣù, Scott wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Kò séèyàn tó tún bá a jà.

Ta ló yìnbọn gan-an?

Ibi tó dùn wá jù nínú ìtàn yìí nìyí. Ẹ má rò pé òyìnbó 450 ló rọ́ wọ Ìjẹ̀bú. Òyìnbó tó wà níbẹ̀ ò ju àwọn ọ̀gá lọ. Àwọn tó kù, dúdú ni wọ́n. Àwọn kan wá láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Àwọn kan jẹ́ sójà West India, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ré òkun kọjá. Àwọn sójà Háúsá ti Èkó ńkọ́? Láti ìgbà Glover, láàárín ọdún 1860 sí 1870, àwọn ẹrú Háúsá tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń gbà síṣẹ́ náà. Ẹrú tí wọ́n lù lánàá ló gbé ìbọn padà wá lónìí.

Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn náà wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ìbàdàn ti fi wà lójú ogun Kírìjí, tí Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà iyọ̀ àti ìbọn mọ́ ọn. Nígbà tí ẹnì kan wá sọ pé òun fẹ́ lọ fọ́ ilẹ̀kùn náà, ṣé ẹ rò pé Ìbàdàn á dúró sílé máa sunkún? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Òyìnbó ò la ògiri yẹn. Ó bá a ní lílà ni.

Bí rélùwéè ṣe dé Agége

Awùjalẹ̀ Túnwàṣe ò kúrò lórí oyè, títí tó fi wàjà lọ́dún 1895 ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n sójà òyìnbó ti wà nílùú, kò sí oníbodè mọ́. Ariwo Maxim ọ̀hún ló wá ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ níbi gbogbo. Àwọn Ẹ̀gbá, táwọn náà ti ti ọ̀nà lọ́dún yẹn, ṣí i kíá. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1893, wọ́n buwọ́ lùwé pẹ̀lú Carter. Ọ̀yọ́ tẹ̀ lé e lóṣù kejì, ogun Kírìjí tú ká lóṣù kẹta, Ìbàdàn náà buwọ́ lùwé lóṣù kẹjọ. Lọ́dún 1895, wọ́n yìnbọn àgbá lu Ọ̀yọ́ pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n ti buwọ́ lù.

Bí ọ̀nà ṣe ṣí báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rélùwéè láti Ìddó lọ́dún 1896. Ó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, ó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Agége tó jẹ́ abúlé oko àwọn Àwórì di ibi tí àwọn ọlọ́lá Èkó bíi J. K. Coker ti ń gbin kòkó àti obì. Àwọn alágbàṣe ń ti òkè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń mú irúgbìn kòkó padà lọ sílé. Ọjọ́ pẹ́ táwọn èèyàn ti ń wá jí dé Agége ṣiṣẹ́ oṣù. Rédì Láìnì tí wọ́n ṣí lọ́dún 2024, tó ń gbé èrò láti Agbádó kọjá l'Ágége àti Ìkẹjà dé Oyíǹgbò, ipa ọ̀nà ọdún 1896 yẹn náà ló ń tọ̀.

Àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n ṣẹ́gun ńkọ́? Wọn ò jókòó máa ṣọ̀fọ̀. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gba mọ́sáláṣí, wọ́n rán ọmọ lọ síléèwé, wọ́n sì gba ọ̀nà tí wọ́n fipá ṣí yẹn jáde lọ tajà káàkiri. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn Ìmàgbọ̀n ni wọ́n bí ọmọ kan n'Íkẹ̀nnẹ́, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ, tí wọ́n sọ ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ṣe olórí fún ló bẹ̀rẹ̀ ìdásílẹ̀ àgbègbè iléeṣẹ́ Ìkẹjà ká tó gbòmìnira. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Ìjẹ̀bú ṣe yẹ̀yẹ́ ní káńtíìnì, ọmọ Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tó kọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹun.

Tí ẹ bá sì lọ wo Ọjúde Ọba lẹ́yìn iléyá, tẹ́ ẹ rí àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin, tí wọ́n ń yìnbọn sókè níwájú ààfin, ẹ má rò pé fún fọ́tò nìkan ni. Oyè ogun ni oyè yẹn.

Owó ojú ọ̀nà ò tíì tán

Carter sọ pé torí káwọn èèyàn lè rìn fàlàlà lòun ṣe jagun. Ṣùgbọ́n nígbà tó dọdún 1918, ìjọba tó pa owó oníbodè rẹ́ ló gbé owó orí dé lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá, wọ́n sì tún tìtorí ẹ̀ jagun Àdúbí. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba tiwa náà kọ́ ibodè sẹ́nu ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n ń gbowó níbẹ̀ títí dìgbà ìjọba Ọbásanjọ́ tí wọ́n fi yẹ ẹ́ kúrò. Ibodè ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ńdọ́ ṣì ń pariwo "Old Toll Gate" tí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Alausa.

Èrò tiwa ni pé àwọn Ìjẹ̀bú ò ṣẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rù òyìnbó. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù ló padà ṣẹlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òyìnbó àti aládùúgbò wọn pọ̀, títí ebi iyọ̀ fi mú kí aládùúgbò máa bá àlejò ru ìbọn. Àwọn Ìbàdàn tó bá wọn rù ú náà ò jèrè ẹ̀, nítorí ọdún tó tẹ̀ lé e lòyìnbó wọlé tiwọn láì yìnbọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbowó ní gáréèjì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ géètì sójú àdúgbò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí àga ìjọba, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Owó tẹ́ ẹ bá fipá gbà lọ́wọ́ ará ilé lójú ọ̀nà, ẹ máa rántí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa nílò ẹni náà lẹ́yìn yín.